TA NI Ó NI ÌRAN? Àwọn Yunifásítì Amẹ́ríkà, Ẹgbẹ́ Eré Ìdárayá Wọn àti Ọjà Amóhùnmáwòrán

 

Mo mọ̀ pé nígbà tí a lẹ àkọlé ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara ògiri, àwọn kan yóò ti máa bi ara wọn léèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ yunifásítì Amẹ́ríkà ń gbá, kí ni ó sì tún kàn án nínú owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ń san lé e lórí. Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹni tí ó bá ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ni nípa eré alárìnjò, ìjálá àti iwì eégún kò lè ṣàì ronú nípa ìran àti òǹwòran. Níbi gbogbo tí ènìyàn kan bá ti ń ṣeré tí ẹlòmíràn sì ń wò ó, ìbéèrè kan ń bẹ níbẹ̀ tí a kì í sábà bèèrè jáde: ta ni ó ni ìran náà? Ṣé ẹni tí ń làágùn ni, àbí ẹni tí ó ni agbo, àbí ẹni tí ó yọ owó kí ó tó wò ó?

Ní ilẹ̀ wa, ìdáhùn rẹ̀ máa ń hàn sí gbogbo ojú. Bí eré bá dùn mọ́ wa, a ó bọ́ sí agbo, a ó sì lẹ owó mọ́ òṣèré níwájú orí, òógùn rẹ̀ ni yóò sì gbé owó náà dúró. Olórí ẹgbẹ́ lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá di alẹ́, wọ́n tilẹ̀ lè jà lé e lórí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò lè sọ pé òun kò mọ ẹni tí a tìtorí rẹ̀ ná an. Ìran tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí yàtọ̀. Owó rẹ̀ ti di bílíọ̀nù, ó sì gba nǹkan bí àádọ́rin ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kan iwájú orí ẹni tí ń làágùn.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí mo ń pè ní ẹgbẹ́. Ní Amẹ́ríkà, yunifásítì fúnra rẹ̀ ni ó ń tọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù tí odidi ìpínlẹ̀ ń tẹ̀lé lẹ́yìn. Fútúbọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí a ń fi ọwọ́ gbé sá, tí a sì ń dé akoto fún bí ẹni tí ń lọ sójú ogun, lè kó ènìyàn tí ó lé ní 100,000 jọ sí pápá kan ṣoṣo ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Láti ìgbà tí eré yìí ti ń gbilẹ̀ ni àwọn yunifásítì tí kò jìnnà síra wọn ti ń dara pọ̀ di ẹgbẹ́, kí wọ́n lè máa bá ara wọn díje lọ́dọọdún, kí òfin kan sì de gbogbo wọn. Èyí tí a wá ń pè ní Big Ten, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́wàá ńlá, bẹ̀rẹ̀ ní Chicago ní ọdún 1896. Àwọn olùkọ́ yunifásítì, irú àwa yìí, ni wọ́n ṣojú níbẹ̀, orúkọ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà jẹ́ sì fi hàn pé ìpàdé àwọn aṣojú olùkọ́ ni. Wọ́n dá a sílẹ̀ láti kó eré níjàánu kí ó má baà gun ẹ̀kọ́ lórí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbàgbé èyí. Àjọ gbogboogbò tí ó borí gbogbo wọn, NCAA, tẹ̀lé e ní ọdún 1906.

Aládùúgbò ni wọ́n ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ni ó ń gbé wọn lọ tí ó ń gbé wọn bọ̀. A lè fi wọ́n wé àwọn ìlú tí wọ́n jọ ń ná ọjà ọrọọrún kan náà: wọn a máa bú ara wọn, wọn a máa kọrin òwe mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà kò ní ṣàì kó wọn jọ.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán gbilẹ̀ láàárín wọn. Yunifásítì Pennsylvania tí ó wà ní Philadelphia jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà kí a máa gbé eré wọn sáfẹ́fẹ́. Ẹ̀rù ba àwọn yòókù. Bí ènìyàn bá lè jókòó sínú ilé rẹ̀ wo bọ́ọ̀lù, ta ni yóò tún wá ra tíkẹ́ẹ̀tì? Ní ọdún 1951, àjọ NCAA pàṣẹ pé kí olúkúlùkù jáwọ́. Pennsylvania kọ̀. Àjọ náà kéde pé kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ rere mọ́, àwọn kan tí ó yẹ kí wọ́n bá a gbá bọ́ọ̀lù sì sọ pé àwọn kò ní wá. Ayò kò ṣeé dá ta. Pennsylvania juwọ́ sílẹ̀.

Láti ìgbà náà títí di ọdún 1984, àjọ yìí nìkan ni ó ń ta ìran fútúbọ́ọ̀lù gbogbo yunifásítì. Òun ni ó ń sọ iye eré tí a ó fi hàn, iye ìgbà tí yunifásítì kan lè fara hàn, àti iye owó tí a ó san. Nínú àdéhùn ọdún mẹ́rin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ABC àti CBS gbà láti san 131,750,000 dọ́là, ó kéré tán, ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ìtàn kan wà nínú ìwé ìdájọ́ tí ó wá fòpin sí ètò yìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ní ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tí ó lé ní 200 gbé ìjà àwọn erin méjì, Oklahoma àti Southern California, sáfẹ́fẹ́. Mẹ́rin péré ni ó gbé eré The Citadel àti Appalachian State. Iye kan náà ni yunifásítì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbà. Ohun tí ó ya adájọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà lẹ́nu nìyí, ṣùgbọ́n kò lè ya Yorùbá lẹ́nu. Ogún ìdí-igi ni. Bí baálé ilé bá kú, ilé ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan náà, ìbáà bí ọmọ mẹ́wàá, ìbáà bí ẹyọ ọmọ kan. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́wàá kò sì ní ṣàì kùn.

Oklahoma kùn. Òun àti yunifásítì Georgia gbé àjọ náà lọ sílé-ẹjọ́, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1984, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá wọn láre. Adájọ́ méje wà lápá kan, méjì sì wà lápá kejì. Adájọ́ John Paul Stevens ni ó kọ ìdájọ́ náà: ó ní àjọ NCAA ti dín ọjà kù kí iye owó lè ga, èyí sì lòdì sí òfin tí ó ka irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ láti ọdún 1890. Adájọ́ Byron White, tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù ní yunifásítì Colorado nígbà èwe rẹ̀, kò fara mọ́ ọn. Lójú tirẹ̀, eré yunifásítì kì í ṣe òwò lásán, ìjánu àjọ náà ni kò sì jẹ́ kí ó di òwò pátápátá. Ní ti òfin, ó ṣeé ṣe kí Stevens jàre. Ní ti àsọtẹ́lẹ̀, èmi rò pé White ni ó ríran jìnnà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí kò sí nínú àríyànjiyàn wọn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí ó sọ pé ẹni tí ń làágùn ni ó ni ìran. Stevens tilẹ̀ fi kún un pé kí eré yunifásítì tó lè jẹ́ eré yunifásítì, a kò gbọ́dọ̀ san owó fún àwọn tí ń ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò gbé ìyẹn wá síwájú ilé-ẹjọ́; ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni. Àjọ NCAA sì di ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yìí mú gẹ́gẹ́ bí apata fún ọdún mẹ́tàdínlógójì.

Ọjọ́ mẹ́jọ kí ìdájọ́ yẹn tó jáde, ọmọ wa kan ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti àwọn àgbà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn tí ó ń ti yunifásítì bọ̀ lọ́dún náà. Hakeem Ọlájùwọ́n ni orúkọ rẹ̀, Èkó ni a ti bí i ní ọdún 1963. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì Houston dé ìpele àwọn mẹ́rin ìkẹyìn ní 1982, 1983 àti 1984, CBS sì gbé gbogbo rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Owó ilé-ìwé, ibùgbé àti oúnjẹ ni òfin gbà kí a fún irú rẹ̀. N kò sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kéré. Èmi tí mo ń fi ẹ̀kọ́ jẹun kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìgbà tí a ń pín ìran, a kò pè é sí ìjókòó.

Àwọn tí ó jàre ní 1984 rò pé olúkúlùkù yóò máa ta ọjà tirẹ̀, owó yóò sì máa rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Gbogbo yunifásítì kó ìran wọn wá sọ́jà lẹ́ẹ̀kan náà, owó sì já wálẹ̀. Notre Dame, tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà jákèjádò Amẹ́ríkà ń tẹ̀lé, nìkan ni ó lè dá dúró. Láti ọdún 1991 ni NBC ti ń ra eré ilé rẹ̀. Àwọn yòókù padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aládùúgbò wọn, pé kí ó máa bá wọn tà á. Báyìí ni ẹgbẹ́ tí àwọn olùkọ́ dá sílẹ̀ láti kó eré níjàánu ṣe di alárinà eré lọ́jà.

Bí alárinà bá sì ti wọ ọ̀rọ̀, ìbéèrè yí padà. A kò bèèrè mọ́ pé ta ni aládùúgbò mi. A ń bèèrè pé ta ni yóò mú kí ọjà mi wúlò sí i. Ẹgbẹ́ Southwest, tí ó ti wà láti ọdún 1914, ni ó kọ́kọ́ kú ikú yìí. Ní 1996, Texas àti mẹ́ta mìíràn lọ bá àwọn mẹ́jọ kan dá Big 12 sílẹ̀. Wọ́n fi Rice, TCU, SMU àti Houston sílẹ̀, Houston Ọlájùwọ́n. Ó di ọdún 2023 kí Houston tó rí ọ̀nà wọ Big 12.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2007, Big Ten ṣe ohun tí ó tún ju títa lọ: òun àti Fox dá ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tirẹ̀ sílẹ̀, tí yóò máa fi eré ẹgbẹ́ náà hàn tọ̀sán-tòru. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń fi wáyà gbé àwòrán wọ ilé àwọn ènìyàn kò tíì gbà á. Ní ọjọ́ kẹta, Michigan gba àlejò kékeré kan ní pápá rẹ̀ tí ó gba ju 100,000 lọ, eré tí a rò pé kò yẹ lójú ìlú, ni a ṣe kó o sí ìkànnì tuntun náà. Àlejò yẹn ni Appalachian State, yunifásítì ilé mẹ́rin ti ọdún 1981. Ó na Michigan, 34 sí 32. Bí òǹkọ̀wé kan bá hùn irú rẹ̀ nínú ìtàn àròsọ, a ó ní ó ti ṣe àṣejù. Ọ̀pọ̀ ará Michigan kò sì rí i, nítorí ilé-iṣẹ́ wáyà wọn kò tíì bá ẹgbẹ́ náà dọ́wàá pọ̀.

Ibi tí ọgbọ́n inú òwò yìí wà ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Ìkànnì bẹ́ẹ̀ kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ wò ó. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ wáyà ni ó ti ń gbà á, iye kan lóṣooṣù lórí ìdílé kọ̀ọ̀kan tí wáyà dé, iye yìí sì ga ní ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ náà bá ti ní yunifásítì ju ibòmíràn lọ. Ilé-iṣẹ́ wáyà yóò wá fi í kún owó tí ìdílé ń san. Ìyá àgbàlagbà tí kò mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù rí roboto tàbí gbọọrọ yóò san án. Àwa mọ irú owó yìí. Owó oníbodè ni. Oníbodè kò bi ọ́ bóyá o fẹ́ràn ìlú tí o ń gbà kọjá. Ẹrù orí rẹ ni ó ń wò.

Ẹni tí ó bá mọ èyí ni yóò mọ ìdí tí Big Ten, ẹgbẹ́ àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, fi lọ mú Rutgers àti Maryland wọlé ní ọdún 2014. Kì í ṣe pé wọ́n gbóná nínú bọ́ọ̀lù. Rutgers wà lẹ́bàá New York, Maryland sì wà lẹ́bàá Washington. Bodè ìlú ńlá méjì ni wọ́n. Ẹgbẹ́ SEC ti gúúsù dá ìkànnì tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ESPN ní ọdún 2014 kan náà, ACC sì tẹ̀lé e ní 2019.

Texas kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni pín bodè. Ní 2011, ESPN bá a dá ìkànnì Longhorn sílẹ̀, àdéhùn ogún ọdún, 300 mílíọ̀nù dọ́là. Inú bí àwọn aládùúgbò rẹ̀. Texas A&M kúrò lọ bá SEC, ìdíje tí àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1894 sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn 2011. Ìran tí a ń wò àti ìran tí a ti ṣẹ̀ wá, bákan náà ni a ń kọ wọ́n lédè wa, bákan náà ni a sì ń pè wọ́n. Àwọn bàbá Texas tí wọ́n ti ń mú ọmọ wọn lọ síbi eré yìí ní ọdọọdún yóò lóye rẹ̀ bí a bá sọ ọ́ fún wọn. Ó gba ọdún mẹ́tàlá kí ó tó padà, ní 2024, nígbà tí Texas náà wọ SEC. Ìkànnì Longhorn ti kógbá wọlé nígbà náà.

Ẹgbẹ́ ìwọ̀-oòrùn, Pac-12, ni ìtàn rẹ̀ dùn mí jù. Ọdún 1915 ni gbòǹgbò rẹ̀. Stanford, Berkeley àti UCLA wà nínú rẹ̀, ilé ìmọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 2012 ó dá ìkànnì méje sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì kọ̀ kí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kankan ní ìpín nínú rẹ̀. Lójú ìwé, ìpinnu akin ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní alágbára lẹ́yìn kò lè fi tipátipá gba owó bodè. DirecTV, ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù nínú òwò náà, kò gbé e rárá. Lásìkò yẹn gan-an ni àwọn ìdílé tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé wáyà wọn kúrò, tí wọ́n ń wo ohun tí wọ́n bá fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà bodè ń dá, oníbodè sì jókòó síbẹ̀.

Ní òpin oṣù kẹfà ọdún 2022, Southern California àti UCLA kéde pé àwọn ń lọ sí Big Ten. Lóṣù kẹjọ ọdún náà, Big Ten tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú Fox, CBS àti NBC fún ọdún méje, a sì ròyìn pé owó rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 7 dọ́là. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 2023, ohun tí Pac-12 rí mú wá fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni àdéhùn pẹ̀lú Apple, tí owó rẹ̀ yóò sinmi lórí iye ènìyàn tí yóò forúkọ sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Oregon àti Washington lọ, Arizona, Arizona State àti Utah lọ. Colorado ti ṣáájú wọn. Stanford àti Berkeley gba ìpín tí ó dín kù kí ACC lè gbà wọ́n. SMU tẹ̀lé wọn wọlé, ó sì gbà pé òun kò ní gba kọ́bọ̀ nínú owó amóhùnmáwòrán fún ọdún mẹ́sàn-án. Nínú méjìlá, Oregon State àti Washington State nìkan ni ó ṣẹ́ kù sílé, tí wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò tún mú mọ́ra. Ní òpin oṣù kẹfà ọdún 2024, ìkànnì méjèèje kú lọ́jọ́ kan náà.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí a lè wò mọ́. Ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́wàá ti di méjìdínlógún. Ẹgbẹ́ etíkun Àtìláńtíìkì ní ọmọ ní etíkun Pàsífíìkì. Ọmọbìnrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá fún UCLA, eré tí kò mú owó wálé, tí amóhùnmáwòrán kò tìtorí rẹ̀ san nǹkan kan, lè máa fò ní nǹkan bí 4,000 kìlómítà lọ bá Rutgers díje láàárín sáà ẹ̀kọ́, bí ẹni ń ti Èkó lọ sí Nairobi. N kò mọ ohun tí àwọn olùkọ́ Chicago ti 1896 ìbá sọ sí èyí. Wọn kò sí ní ìjókòó náà mọ́.

Àwọn tí ń làágùn ńkọ́? Ní ọdún 2021, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ fohùn ṣọ̀kan lòdì sí NCAA nínú ẹjọ́ Alston, wọ́n sì sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ti 1984 kì í ṣe òfin. Láti oṣù keje ọdún náà ni a ti gbà kí òṣèré máa fi orúkọ àti àwòrán rẹ̀ pawó. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 2025, Adájọ́ Claudia Wilken fọwọ́ sí àdéhùn kan: bílíọ̀nù 2.8 dọ́là, tí a ó san láàárín ọdún mẹ́wàá, fún àwọn tí ó ti ṣeré láti ọdún 2016. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan sì lè san tó nǹkan bí 20.5 mílíọ̀nù dọ́là ní ọdún àkọ́kọ́ fún àwọn tí ń ṣeré lọ́wọ́. Owó ti ń kan iwájú orí. Ẹni tí ó ṣeré kí ọdún 2016 tó dé kò sí nínú rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1983, ní Albuquerque, Houston Ọlájùwọ́n pàdé North Carolina State ní àṣekágbá. Eré dọ́gba ní 52 sí 52, ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ North Carolina ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, kò dé. Òmíràn fò sókè, ó gbà á mú lójú ọ̀run, ó sì kì í bọ inú àwọ̀n. Kò sí ọdún tí a kì í tún ìran yẹn fi hàn nígbà ìdíje. Ní ọdún 2024, àwọn kan nínú àwọn tí ó ṣẹ́gun lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ti di àgbà, pe NCAA lẹ́jọ́ pé ó ń fi ojú àwọn pawó láti ìgbà yẹn, kò sì fún àwọn ní nǹkan kan. Ní 2025, adájọ́ kan ní North Carolina da ẹjọ́ náà nù. Ọ̀kan nínú ohun tí ó sọ ni pé ó ti pẹ́ jù. A ṣì ń fi ìran náà hàn. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rí Ọlájùwọ́n náà nínú rẹ̀, ọmọ ogún ọdún.